Ọ̀làjú Kọ́ Ló Pa Oore ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Níbi òkú àgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí àwọn ẹbí bá ti jókòó sábẹ́ àtíbàbà tán, ọ̀rọ̀ náà kì í pẹ́ jáde. Ẹnì kan á mí kanlẹ̀, á ní láyé àwọn baba wa, ìkòkò ẹnì kan ni gbogbo agboolé ń bù jẹ. Pé ọmọ tó bá sùn sí yàrá ẹlòmíràn, ìyá rẹ̀ kì í wá a kiri. Á ní àfìgbà tí ọ̀làjú dé tí kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í mọ tara rẹ̀ nìkan, tí ẹ̀gbọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àbúrò. Àwọn tó kù á ní bẹ́ẹ̀ ni. Pásítọ̀ ń sọ ọ́, lèmọ́mù ń sọ ọ́, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń sọ ọ́ láàárọ̀. Ó ti di ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ẹ̀rí rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rí wà ṣá o, kò sì ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ìwé ẹjọ́ wà, ìwé ìtàn wà, ìwádìí àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ wà, gbogbo rẹ̀ lórí erékùṣù Èkó yìí gan-an. Ẹni tó bá kà wọ́n yóò rí i pé oore àná kì í ṣe oore tí kò retí ẹ̀san, bí a ṣe ń ròyìn rẹ̀. Yóò sì rí i pé bí fífúnni bá ti dín kù láàárín ẹbí, ibi tí à ń gbé àti iye tó ń ná wa láti gbé ibẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, ká tó dá ọkàn ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ ká ya Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ná. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní 1851, Òṣòdì Tápà, ọ̀gágun rẹ̀, bá a lọ sí ìgbèkùn ní Ẹ̀pẹ́. Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861. Nígbà tó di ọdún kejì, àwọn tó wà ní Ẹ̀pẹ́ padà wálé. Ìjọba fún Òṣòdì àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní ilẹ̀ níbi tí a wá ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, agboolé mọ́kànlélógún ni wọ́n sì tẹ̀ dó síbẹ̀. Àrọ́tà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kún inú agboolé wọ̀nyí: ẹni tó ti ṣe ẹrú rí, ẹni tó sá di olóyè, àti àwọn ọmọ wọn. Ẹnikẹ́ni kì í gba owó ilé lọ́wọ́ wọn.

Lójú òde òní, oore ńlá nìyẹn: ẹni ńlá kan fi ilé fún ogunlọ́gọ̀ èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun tó ń ti ọ̀dọ̀ wọn bọ̀. Àrọ́tà a máa tẹ̀ lé olóyè jáde, a máa gbèjà rẹ̀, a máa bá a ṣòwò, a máa jẹ́ kí ojú rí i pé èèyàn wà lẹ́yìn bàbá. Kò sì gbọdọ̀ ta ilẹ̀ tó ń gbé. Kristin Mann, òpìtàn ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé jáde ní 2007 lórí ẹrú àti bí Èkó ṣe di ìlú ńlá láàárín 1760 sí 1900, là á yé wa pé bí oko ẹrú ṣe ń tú, ilẹ̀, ilé àti owó àyálò ni àwọn ẹni ńlá Èkó fi ń di èèyàn mú sọ́dọ̀. Èèyàn lọ́rọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nígbà náà. Ìgbà tí ilẹ̀ wá gbówó lórí ni ohun tó wà nínú oore náà yọjú. Ìjọba gba lára ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, owó gbà-má-bínú wá, ìdílé olóyè àti àwọn ọmọ àrọ́tà sì dojú kọ ara wọn lórí ẹni tó ni owó. Ẹjọ́ yẹn rìn títí ó fi dé Privy Council, kóòtù tó ga jù nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1930. Ilẹ̀ tí a fi tọrẹ pátápátá kì í rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà tún ń bẹ níbẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ròyìn rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá yá owó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó; iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé. Bó sìn fún ọdún mẹ́wàá, gbogbo owó tí wọ́n yá ṣì wà lọ́rùn wọn. Kò sí báǹkì nígbà náà. Ẹni tí ìnáwó òkú dé bá, tàbí tí gbèsè wọ̀, kò ní ibòmíràn tó lè sáré lọ. Ẹni tó yá a lówó ràn án lọ́wọ́, ìyẹn ò ṣeé jiyàn. Àmọ́ ẹ fojú inú wo ọmọ kékeré tó ń gbá àgbàlá olówó bàbá rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé láyé ọjọ́un, ẹnikẹ́ni kì í wá tara rẹ̀.

Àwọn àgbà fúnra wọn kò fi pa mọ́. Wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ gbọ́ ìdí tí wọ́n fi ní kó ṣẹ́ oúnjẹ kù fún ọmọdé: kó má baà fúnra rẹ̀ ru igbá. Wọ́n tún ní oore tí a ṣe fún adìẹ kò gbé, bó pẹ́ títí, á ṣomi tooro síni lẹ́nu. Ọbẹ̀ ni wọ́n ń wí. Nígbà tí Marcel Mauss, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ ní 1925 pé nínú àwọn àwùjọ àtijọ́, ẹ̀bùn kì í wá láìní ìdápadà nínú, ohun tó jẹ́ ìyàlẹ́nu ní Páríìsì kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní Ẹnu Ọ̀wá l'Ékòó. Alájọ tó ń ká owó kiri ọjà Jankárà lójoojúmọ́, tó ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún wàhálà rẹ̀, ta ló pè é ní onímọtara-ẹni-nìkan rí? Lójú tiwa, ẹni tó ń fúnni tó sì ń retí kì í ṣe èèyàn burúkú. Abaramóorejẹ lẹni tí à ń bú. Àwọn tó ń wàásù lónìí ló gbé òṣùwọ̀n kan wá, pé oore tó bá ti ní ìrètí nínú kì í ṣe oore, òṣùwọ̀n tí àwọn baba wa kò fi wọn ara wọn rí. Wọ́n wá fi wọ̀n wá, wọ́n ní a kò tó.

Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa pé ẹbí kì í jà sí ogún nígbà yẹn. Ní 1908, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ olóyè Mábìínúorí wà ní kóòtù l'Ékòó lórí agboolé tí bàbá fi sílẹ̀. Ẹjọ́ Lewis àti Bankole ni àwọn lọ́yà ń pè é, òun ni wọ́n sì fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ òfin títí dòní ní ohun tí ilé ẹbí jẹ́. Rédíò kò tíì dé Nàìjíríà nígbà náà.  

Mi ò sọ gbogbo èyí láti bu àwọn baba wa kù. Wọ́n fúnni, wọ́n sì fúnni púpọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé òfin ló wà nídìí rẹ̀, ojú àwọn ará ilé sì ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ó fi dín kù, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òfin náà àti sí ilé tó gbé e ró.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé, a mọ̀ ọ́n. Àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní 1924, ó pa èèyàn, ó sì dẹ́rù ba ìjọba. Nígbà tó di 1928, wọ́n dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti máa tún àwọn àdúgbò tó há mọ́ra ṣe. Ní 1955, tí Òmìnira ti ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìgbìmọ̀ yìí dáwọ́ lé iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù: kí wọ́n wó àárín gbùngbùn erékùṣù náà, kí wọ́n tún un kọ́, kó lè jọ olú-ìlú orílẹ̀-èdè tuntun. Wọ́n kọ́ ilé sí Surulérè fún àwọn tí wọ́n ń lé. Ilé gidi ni, ó mọ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ń gbé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ìjọba kó wọn lọ sínú ahéré.

Láàárín ìgbà yẹn ni Peter Marris dé, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan láti Institute of Community Studies ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó lọ bá àwọn tó ṣì wà ní àárín Èkó, ó jókòó tì wọ́n, ó béèrè ẹni tí wọ́n ń bá gbé, ẹni tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́, ẹni tí wọ́n ń fún lówó. Ó kọjá sí Surulérè, ó béèrè ìbéèrè náà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti kó lọ. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá ka ìwé yìí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí bóyá ọ̀làjú ló ba Èkó jẹ́, nítorí àǹfààní tó ní ṣọ̀wọ́n: ìran kan náà ni àwọn èèyàn yìí, ẹ̀sìn kan náà, iṣẹ́ kan náà, ọdún kan náà. Owó kan náà ni wọ́n ń ná, ìwé ìròyìn kan náà ni wọ́n ń kà. Ibi tí wọ́n ń sùn ló yàtọ̀.

Ohun tó bá pàdé ní àárín Èkó ni ohun tí àwọn àgbà abẹ́ àtíbàbà ń ròyìn gan-an. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé ilé ẹbí tí wọn kì í san owó rẹ̀. Ìyá wà nítòsí, ẹ̀gbọ́n wà nítòsí, àbúrò bàbá wà ní ojúlé kejì. Wọ́n ń rí ara wọn lójoojúmọ́, wọ́n sì ń fún ìyá àti àwọn ẹbí mìíràn lówó déédéé. Àwọn obìnrin ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé tàbí ní ọjà tí kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ. Ẹ rántí pé 1958 tàbí 1959 là ń wí yìí o. Òyìnbó ti ṣàkóso Èkó fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, iná mànàmáná wà, sinimá wà, ṣọ́ọ̀bù ńlá àwọn òyìnbó wà ní Marina. Ọ̀làjú ti jókòó sí àárín Èkó tipẹ́, kò sì tíì pa oore.

Ní Surulérè, àwọn èèyàn kan náà kì í rí ẹbí wọn bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń ṣe fún wọn náà sì ti fà sẹ́yìn. Bí a bá fún oníwàásù ní ojú ìwé yẹn nìkan, á ní, "Ẹ ò rí i?"

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe rìn. Ọkùnrin tó ń gbé ilé bàbá rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ wá ń san owó ilé lóṣooṣù. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní erékùṣù, Afárá Carter nìkan ló sì so erékùṣù pọ̀ mọ́ òkè nígbà yẹn, torí náà owó ọkọ̀ lọ, owó ọkọ̀ bọ̀, lójoojúmọ́ ayé. Ìyàwó rẹ̀ tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ní ìgboro pàdánù àwọn oníbàárà. Láàárín àwọn ilé tuntun yẹn, ta ni ń kọjá? Bẹ́ẹ̀, nínú èrè ọjà rẹ̀ ló ti ń fún ìyá tirẹ̀ ní nǹkan, kì í ṣe nínú owó ọkọ. Oúnjẹ alẹ́ tí ọmọ máa ń gbé lọ fún ìyá àgbà ní agboolé kejì kò ṣeé gbé wọ bọ́ọ̀sì sọdá omi. Ẹbí tó bá sì wá kí wọn láti Ìsàlẹ̀ Èkó ti náwó wá. Àṣà wa ni pé a kì í jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí kò ní ohun tó máa fún un á tijú. Ẹni tó bá tijú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta á ní kí wọ́n sọ pé òun ò sí nílé. Ilẹ̀kùn tí ẹ̀gbọ́n tì mọ́ àbúrò nìyẹn, bó ṣe yé mi sí. Oore Ìsàlẹ̀ Èkó, oore ẹsẹ̀ rírìn ni. Ibi tí ẹsẹ̀ ò bá dé, owó ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé Marris kò ṣìnà ni pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì nílé iṣẹ́ yẹn, Michael Young àti Peter Willmott, ti rí irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1957 ni wọ́n tẹ ìwé tiwọn jáde lórí Bethnal Green, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlà-oòrùn ìlú náà. Ọmọbìnrin tó ti lọ́kọ ń gbé ní tòsí ìyá rẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn tọ́mọ, wọ́n ń yá ara wọn ní nǹkan, èèyàn lè ṣèèṣì pè é ní Lafíàjí tiwa l'Ékòó. Ìjọba kó lára wọn lọ sí àwọn ilé tuntun ní Essex, okùn náà sì tú. Ta ló lajú ju ará Lọ́ńdọ̀nù lọ? Bí ọ̀làjú bá ń pa oore, tipẹ́tipẹ́ ni ì bá ti pa ti Bethnal Green kí ọkọ̀ akẹ́rù ìjọba tó dé.

Mo tún fẹ́ kí a wo apá mìíràn tí ọ̀rọ̀ yìí kì í yà sí. Oore agboolé ní ààlà: ẹni tí a mọ bàbá rẹ̀ ló wà fún. Oore tí ẹni tó ń ṣe é kò mọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́, ìlú ńlá ló fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ láàárín wa. Dókítà J. K. Randle, ọmọ Sàró tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú People's Union sílẹ̀ ní 1908, kọ́ odò ìwẹ̀ sí Oníkàn ní 1928 nígbà tí ìjọba kò kọ́ ọ, kí àwọn ọmọ Èkó lè mọ omi wẹ̀, kí ọ̀sà má baà máa gbé wọn lọ. Ọmọ ta ni yóò wẹ̀ níbẹ̀? Kò mọ̀. Ó fi orúkọ rẹ̀ sí i, orúkọ náà ò sì tíì parẹ́, ó ti di orúkọ ilé àṣà Yorùbá tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tó dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ l'Ékòó ní 1923, owó ẹgbẹ́ ni wọ́n dá jọ tí wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ìgbà ọ̀làjú gan-an ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀.

Wọ́n á ní, ṣé o fẹ́ sọ pé kò sí ìmọtara-ẹni-nìkan l'Ékòó ni? Ó wà, ó sì pọ̀. Peter Ekeh, tó ti ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n rí ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló là á fún wa dáadáa jù, nínú àròkọ kan tó jáde ní 1975. Ó ní ìjọba òyìnbó sọ ayé wa di gbàgede méjì. Ọ̀kan ni ti àwọn èèyàn ẹni, níbi tí a ti ń dáwó láìjẹ́ pé wọ́n fi ọlọ́pàá lé wa, tí ojú ń ti ẹni tí kò bá dá. Èkejì ni ti ìjọba, níbi tí a ti ń gbà, tí gbígbà kò sì ní ìtìjú nínú. Ẹnì kan náà ló ń gbé inú méjèèjì. Akọ̀wé tó ń bu owó ìjọba jẹ lọ́jọ́ Ẹtì ló ń san owó ilé ìwé ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ó rọrùn láti rí bí gbàgede kejì yìí ṣe di ohun tí ẹnikẹ́ni kò ni ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tí ìjọba ní àwọn fẹ́ máa gba owó omi ẹ̀rọ ní 1908, ariwo ta. Àwọn èèyàn ní kànga tó àwọn, pé nítorí àwọn òyìnbó ni wọ́n fi ń gbé omi náà wá. Bí nǹkan ìlú bá ti wọlé bí nǹkan àlejò, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ? Ẹni tí a bá wá ń pè ní aláìláàánú nítorí pé ó ń ba nǹkan ìjọba jẹ́, ó lè jẹ́ pé òun ni ọ̀làwọ́ jù lọ ní agboolé rẹ̀.

Gbàgede méjèèjì hàn ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, nígbà tí ilé kan tó ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé ní òkè wó lulẹ̀ ní Ìta Fájì, ní erékùṣù Èkó. Ọwọ́ lásán ni àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ fi ń wú bíríkì kí ẹ̀rọ ìjọba tó dé, wọ́n ń gbé ọmọ jáde láti ọwọ́ dé ọwọ́, ọmọ tí wọn ò mọ ìyá rẹ̀, àwọn tí a ń bú ní ọmọ ìta sì wà lára wọn. Àwọn aláṣẹ sọ lẹ́yìn náà pé ilé gbígbé ni ilé yẹn lórí ìwé, àti pé wọ́n ti fi àmì wíwó sí i lára ṣáájú. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ lọ́sẹ̀ náà pé ayé ti bàjẹ́. Ayé kọ́ ló gba owó ilé lórí ilé tí àmì wà lára rẹ̀. Ayé kọ́ ló kun àmì pupa sára ògiri tó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe é ní orúkọ, àwọn tó ń wú bíríkì náà sì ní orúkọ. Ayé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, katakata ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé mìíràn tí àmì wà lára wọn ní erékùṣù náà, àwọn tó ń gbé inú wọn sì kó ẹrù síta. Bí onímọ̀ kan bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ tí Marris ṣe lónìí, kó wá wọn kàn níbi yòówù tí wọ́n kó lọ, ì báà ṣe Ìkòròdú tàbí Ìbàfò. Kó tó bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń tọ́jú ìyá wọn, kó kọ́kọ́ béèrè iye owó ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé Ìdúmọ̀tà.